Níbo Ni Ká Gbé Mọ́tò Sí ní Dùgbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ ọlọ́mọ́tò ni. Irọ́ ni. Ẹni tí ò ní kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá ń sanwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, èmi àti àǹtí mi kó àpò èlùbọ́ mẹ́jọ láti oko wá sí Ògùnpa n'Ìbàdàn. Dírẹ́bà dúró kí a já ẹrù. A ò tí ì já ìkẹta tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin fi yọ, wọ́n ti irin mọ́ táyà, wọ́n ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìdúró. Àǹtí mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, ibo gan-an wá ni ibi ìdúró?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀kan tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. A sanwó, wọ́n ṣí i. Rìsíìtì tí wọ́n já fún wa kò ní orúkọ káńsù, kò ní nọ́ńbà. Dírẹ́bà gbé owó náà lé owó ọkọ̀, àǹtí mi gbé e lé owó èlùbọ́. Ẹni tó ra àmàlà jẹ lọ́sẹ̀ yẹn ló san owó táyà!

Kì í ṣe òní ni Dùgbẹ̀ ti ń kún. Látìgbà tí rélùwéè ti wọ Ìbàdàn ní 1901 ni àwọn oníṣòwò ti ń ya bo agbègbè Gbági. Nígbà tí wọ́n parí Kòkó Háòsì alájà 26 ní 1965, ta ni ò mọ̀ pé mọ́tò yóò pọ̀ síbẹ̀? Síbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ibi tó yẹ kí mọ́tò dúró níwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù ti gbà. Ṣé òru ni wọ́n fi kọ́ wọn ni? Ta ló fọwọ́ sí i?

Ẹ̀yin onísọ́ọ̀bù wa, ẹ má bínú sí mi. Àwọn kan nínú yín ń gbé mọ́tò síwájú ìsọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Oníbàárà yóò yípo lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní rí àyè, yóò gba ilé lọ. Ẹ óò wá ní ọjà kò tà. Ó yẹ kí ẹ gbé tiyín síbi tó jìnnà díẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rajà tètè dúró, kó tètè lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó tóbi jù, ti ìjọba ni. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, sọ ọ́ kedere: iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti dá ọjà àti gáréèjì sílẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn. Dídá a sílẹ̀ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀ o. Wọ́n máa ń ní kò sówó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wí?

Ohun tó ń dùn mí jù rèé. Nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ yìí fún agbaṣẹ́ṣe, tí wọ́n ní kó mú ìdá tirẹ̀ nínú owó ìtanràn, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ kí mọ́tò rí ibi dúró? Ebi ni yóò pa á! Ẹ san owó oṣù fún ẹni tó ń tọ́ mọ́tò sọ́nà. Ẹ kun ìlà sílẹ̀ níbi tí a ti lè dúró. Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ láàárọ̀ fún ọkọ̀ ẹrù oko. Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ má ti irin mọ́ táyà ẹnikẹ́ni.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbé ìlù dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ mú rìsíìtì yín jáde, ẹ bi wọ́n pé àpò ta ni owó yìí wọ̀. Bí ẹni tí ẹgbẹ́ tiwa fà kalẹ̀ bá dé, ẹ bi òun náà pé ibo ni yóò ní kí àǹtí mi ti já èlùbọ́. Bí kò bá lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibẹ̀, ẹ wá sọ fún mi.