Kí ìyá ọlọ́jà kí o tó béèrè èló

Wọ́n ti kọ́ ọ pé a máa ń ná ọjà nílẹ̀ Yorùbá. Òótọ́ ni, àmọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí abọ́ tòmátò ní ọjà East Street, ní Barking. Iye tí wọ́n kọ sára páálí ni wọn yóò gbà.

Ilé ìtajà oúnjẹ Áfíríkà ni Yorùbá rẹ ti máa wúlò. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ládùúgbò yìí, láti Barking títí dé Dagenham, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni Yorùbá. Íbò wà, Ẹdó wà, ará Gánà náà sì wà. Tẹ́tí ná. Bí o bá gbọ́ Yorùbá, kí wọn kí o tó béèrè ohunkóhun: "Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá o." Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ṣáká. Ó wọlé, ó nawọ́ sí iṣu, ó ní, "Èló ni?" Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá a lóhùn. N kò bá wọn wí. Ta ní ń wọlé tí kò kí onílé?

Bí wọ́n bá sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ, Yorùbá ni kí o fi fèsì. Nígbà tí o bá sanwó tán, tọrọ èènì: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní èènì." Ó lè jẹ́ ata rodo méjì péré. Bí ìyá náà bá wá béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ ní Yorùbá, má kánjú jáde. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ á dúró.