Ẹ kú oríire ọgọ́rùn-ún ọdún Ladi Kwali, ẹ̀yin amọ̀kòkò Ṣómólú àti Bàríga

  Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í kúrò nínú amọ̀, láti Onípánù títí dé etí ọ̀sà Ìlàjẹ ní Bàríga, ní Èkó, ẹ̀yin tí ẹ kàwé gboyè ní Yabatech tí ẹ kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín kú, ẹ̀yin tí ẹ gba yàrá kan nísàlẹ̀ ilé tí ẹ ta tapólì síwájú rẹ̀ kí òjò má baà bá ìkòkò tútù yín wí, ẹ̀yin ni mò ń kí. Ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti bí Ladi Kwali, ìyá yín nínú iṣẹ́ amọ̀!

Nǹkan bí ọdún 1925 ni wọ́n bí Ladi Kwali ní abúlé Kwali, láàárín àwọn Gbagyi. Bí ẹ bá ní ogún náírà lápò, ẹ mú un jáde, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin tó gbájú mọ́ ìkòkò níbẹ̀ yẹn, òun náà ni. Láti ọdún 2007 ló ti wà lára owó náà. Kò jagun, kò ṣèjọba, kò dá báńkì sílẹ̀. Ìkòkò ló mọ, orílẹ̀-èdè sì gbé e sórí owó. Orí mi a máa wú ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i, inú mi a sì máa dùn pé orí owó kékeré ló wà, tí gbogbo ọwọ́ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe kíláàsì ni Ladi ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí. Àǹtí rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Kì í lo kẹ̀kẹ́ amọ̀ nígbà náà. Á ki ẹ̀ṣẹ́ bọ àárín ìṣù amọ̀, á fà á sókè, á wá máa to amọ̀ gbọọrọ gbọọrọ lé e ní ìpele ìpele. Ìkòkò dúró sójú kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí i po, tó ń fi ọwọ́ kan tì í láti inú, tó ń fi èkejì ha á lẹ́yìn. Bí ó bá tẹ́jú tán, á wá fín alángbá, àkekèé, ọ̀nì àti agẹmọ sí i lára. Ìkòkò omi ni àwọn ará ilé máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi pọn omi kí wọ́n sì fi mú un tutù. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wà láàfin Ẹ́míà Abuja, ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí, ibẹ̀ sì ni Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò tí ìjọba rán wá, ti rí i ní 1950. Nígbà tó di 1954, Ladi wọ ilé-ẹ̀kọ́ amọ̀ tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé, nítorí ìkíni mi kì í ṣe ti ariwo lásán. Ẹ wo bí amọ̀ kan ṣoṣo ṣe di oríṣiríṣi nǹkan lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ìkòkò omi tó ń mọ nílé náà ló ń mọ ní Abuja, àmọ́ wọ́n bò ó ní gìléèsì, wọ́n sun ún nínú iléru tí ooru rẹ̀ lé ní 1,200 dígírì, ló bá di ohun tí wọ́n ń pàtẹ ní Berkeley Galleries ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, 1959 àti 1962. Ó tún ń mọ ìkòkò lójú èrò, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní Amẹ́ríkà ní 1972. Ìfihàn wọ̀nyẹn gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ amọ̀ Abuja náà dé ibi tí ìkòkò nìkan kò lè gbé e dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin mìíràn wọlé, bí Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa. Ilé-iṣẹ́ náà kò sì fi ojú di ife tíì, abọ́ àti jọ́ọ̀gì, nítorí ohun tí ará ilé ń lò lójoojúmọ́ ló ń tà lójoojúmọ́. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Ó papò dà ní 1984.

Ẹ wá wo àdúgbò tiwa wàyí, kí ẹ rí ọlá tó yí yín ká. Ta ló ń tẹ ìwé ní Èkó tí kò mọ Ṣómólú? Ní Bájúlayé àti Ṣípéolú, ẹni tó ń gé páálí, ẹni tó ń ṣe báàgì ìwé, ẹni tó ń tẹ káàdì ìpè, ẹni tó ń ṣe sítáǹbù rọ́bà, ojúlé sí ojúlé ni wọ́n wà. Káàdì ìpè yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Ẹni tó wá tẹ káàdì ìgbéyàwó tàbí ti òkú àgbà kò ní ṣàì pín ẹ̀bùn fún àwọn tó bá wọ aṣọ ẹbí, ike àti táwẹ́lì ló sì sábà máa ń pín. Ẹ lọ bá atẹ̀wé náà sọ̀rọ̀, kí ẹ fi ife kékeré kan tàbí àwo ata kan síwájú rẹ̀ kó máa fi han oníbàárà rẹ̀, kí ẹ sì gbà láti fún un ní tirẹ̀ nínú èrè. Mi ò mọ ọ̀nà tó tún yá ju èyí lọ fún amọ̀kòkò tó wà ní Ṣómólú.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò le. Ẹ ní kí wọ́n ṣe sítáǹbù orúkọ olóde àti ọjọ́ àríyá. Kó tóbi díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, nítorí amọ̀ máa ń sún kì bó bá ń gbẹ àti bí iná bá ń jẹ ẹ́, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ife gbẹ títí tí yóò fi le bí awọ, tí ọwọ́ kò ní tẹ̀ ẹ́ bà jẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ṣì tutù nínú. Ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ sójú sítáǹbù kó má lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà láìyí ọwọ́. Ẹni tó bá bèèrè ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà ni kí ẹ mọ, nítorí èyí tí yóò sán àti èyí tí yóò wọ́. Ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó po amọ̀. Olóde kì í sún ọjọ́ àríyá síwájú nítorí ìkòkò tí kò tíì gbẹ, nítorí náà ẹ má ṣe gba iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kù fẹ́ẹ́.

Iléru náà ńkọ́? Gbogbo wa la mọ ohun tí gáàsì àti iná mànàmáná ti dà ní Èkó. Iléru tó ṣófo dé ìdajì, owó gáàsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín sí ti èyí tó kún. Ẹ jẹ́ kí àlejò kún un. Yabatech ti wà láti 1947, Yunifásítì Èkó ní Akọkà láti 1962, kò sì sí ìparí sáà ẹ̀kọ́ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ọnà kò ní máa wá ibi tí yóò ti sun iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi owó lé pẹpẹ kọ̀ọ̀kan nínú iléru. Òfin kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe tẹ̀ lójú fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ tó: ìkòkò tí kò gbẹ dénú kò gbọdọ̀ wọlé. Omi tó kù nínú rẹ̀ á di ooru, á bú gbàmù, á sì fọ́ ti aládùúgbò rẹ̀.

Ọmọdé pọ̀ ní Bàríga ju ibi ìṣeré lọ. Àdúgbò yìí náà sì ni Ṣẹ́gun Adéfilà àti ẹgbẹ́ oníjó àti eléré rẹ̀, Crown Troupe of Africa, tó dá sílẹ̀ ní 1996, fi ṣe ibùjókòó, tí àwọn èwe fi rí i pé ijó àti eré jẹ́ iṣẹ́ gidi. Ilé amọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ìsinmi gígùn, òbí ń wá ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ wọn láàárọ̀. Ẹ kọ́ wọn láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, kí ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ wọn gbẹ dénú kí ẹ tó sun ún, kí òbí wá wò ó nígbà tó bá tutù. Ìyá tó bá rí àwo tí ọmọ rẹ̀ mọ, òun náà yóò bèèrè ọjọ́ tí àgbàlagbà lè wá.

Àpáàdì ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, kó má baà sán nínú iná. Èyí tó bá lẹ́wà, ẹ tò ó sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ojúlé. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni àwọn baba wa fi tẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n nà án ró lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún tí ó ti wà níbẹ̀. Ẹ wo irú ọjà tí ẹ máa tà pẹ̀lú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀!

Àwọn olóúnjẹ náà ń wá ìṣaasùn tí wọ́n lè gbé ẹ̀fọ́ àti ọbẹ̀ ọ̀fadà síwájú oníbàárà. Ẹ tà á fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tí òjé wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan àwo oúnjẹ. Ẹ̀mí ènìyàn ni.

Mo kí àwọn ìyá wa ní Ìpetumodù, ní Ìsàn-Èkìtì, àti ní Dada àti Òkèlele ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń wọ́n omi èèpo èso igi irú sára ìkòkò gbígbóná kó lè dúdú kó sì máa dán. Ìdílé kan náà ni yín.

Ẹ ó máa rí amọ̀ rere. Iná yín á jó, kò ní jó yín. Kí atẹ̀wé Ṣípéolú pè yín ṣáájú kí ẹ tó pè é, kí iléru yín má rí ààyè òfìfo lọ́sẹ̀ kan, kí ọmọ Bàríga kan jáde láti àárín yín tí ayé yóò mọ̀ bí wọ́n ṣe mọ Ladi.