Ta Ló Ní Ọ̀fẹ́ Ni Omi Ọmú?

Wọ́n máa ń ní ọ̀fẹ́ ni omi ọmú. Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, ìyá ọkọ ń sọ ọ́, èmi náà ti sọ ọ́ rí. Lóòótọ́ a kì í rà á lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń sanwó rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra ata lọ́wọ́ ìyá ìkókó kan ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ọmọ náà ò tíì pé oṣù méjì, orí àpò ló tẹ́ ẹ sí lábẹ́ tábìlì. Bó ṣe figbe ta, omi ọmú rin aṣọ ìyá rẹ̀ níwájú. Àmọ́ ọwọ́ tó ti ń ṣa ata rodo látàárọ̀ kọ́ ló yẹ kó kan ọmú. Ó já omi inú ọ̀rá, ó fi fọwọ́, ó já òmíràn, ó tún un fọ̀, kó tó gbé ọmọ. Kí ọmọ tó yó, oníbàárà mẹ́ta ti yà sí ìsọ̀ kejì. Alájọ dé, ó gba owó ọjọ́ náà pé pérépéré.

Owó omi ọmú nìyẹn, òun nìkan ló sì san án.

Ẹni tó bá yíjú sí wàrà agolo kò bọ́. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, apá ọ̀pọ̀ ilé ò ká a mọ́. Àwọn ìyá kan ń bomi lù ú kó lè pẹ́ nílẹ̀. Ebi ni wọ́n ń pò fún ọmọ yẹn.

Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe ní 2018, ọmọ 29 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan, láìfi omi kún un. A máa ń ní àìmọ̀kan ni. N kò gbà. Ẹni tí oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ wà nínú ohun tó bá tà lónìí, báwo ni yóò ṣe jókòó ti ọmọ?

Òfin iṣẹ́ wa fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré tán pẹ̀lú ìdajì owó iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà sì ni àwọn elétò ìlera ní kí ọmọ fi mu ọmú nìkan. Ìjọba Èkó ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù mẹ́fà láti 2014, nítorí náà ó ṣeé ṣe.

Aláta Bódìjà ò lọ́gàá tí yóò fún un nísinmi. Àwa tó yí i ká ni yóò fún un. Ẹ̀yin alájọ, ẹ jẹ́ kó dá díẹ̀ títí ọmọ yóò fi le. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ wá yàrá kan tó lómi fún un. Ọkọ tí kò lọ́mú ní ọwọ́ tó lè pọnmi, tó sì lè fọ ìlédìí. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, òfin ọ̀hún ní kí ìyá ọlọ́mọ máa fi ààbọ̀ wákàtí fún ọmọ lọ́mú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kó gbà á.