Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Bí Ítálì ṣe fẹ́ pa ìjọba ẹkùn rẹ́, tí kò ṣeé ṣe

Bí ọmọ kan bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìlú kékeré kan ní Ítálì, ìjọba ẹkùn ló ń tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe. Bí bàbá ọmọ yẹn bá wa mọ́tò láti ìlú kan sí èkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìjọba ẹkùn kan náà ló yẹ kó dí kòtò tó wà lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, láti ọdún 2014, bàbá yìí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan ẹni tó ń darí ẹkùn rẹ̀ mọ́. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀?

Kí ni wọ́n ń pè ní ẹkùn?

Ipele mẹ́rin ni ìjọba Ítálì ní. Ìjọba àpapọ̀ wà ní Róòmù. Lábẹ́ rẹ̀ ni agbègbè ńlá 20 wà, bíi Lombardia, Sicily àti Sardinia. Lábẹ́ agbègbè ni ẹkùn wà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní provincia, wọ́n sì lé ní 100. Ìjọba ìlú, tí wọ́n ń pè ní comune, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000.

Ẹkùn kì í ṣe nǹkan àná. Nígbà tí Ítálì di orílẹ̀-èdè kan ní 1861, ẹkùn 59 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìjọba Mussolini, ní 1927, ọ̀pọ̀ ẹkùn tuntun yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títí di 1994, lẹ́tà tó ń dúró fún ẹkùn ló máa ń wà lára nọ́ńbà mọ́tò: MI fún Milan, NA fún Naples. Ẹni tó bá rí mọ́tò lójú títì ti mọ ibi tí onímọ́tò ti wá. Títí dòní, olú ìlú ẹkùn ni ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Questura máa ń wà. Ibẹ̀ ni àwọn àjèjì, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ítálì, ti ń gba ìwé àṣẹ ìgbélùú wọn.

Gbèsè ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ká sòótọ́, àwọn tó ní kí wọ́n pa ẹkùn rẹ́ ní ìdí. Ipele ìjọba pọ̀, àga òṣèlú náà pọ̀. Ní 2009, tí ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dẹnu kọlẹ̀, ẹkùn tuntun mẹ́ta ṣì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Barletta-Andria-Trani, ní olú ìlú mẹ́ta.

Ọdún 2011 ni gbèsè wá wọ ìjọba Ítálì lọ́rùn. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ ọdún náà, Jean-Claude Trichet tó jẹ́ ọ̀gá báńkì àpapọ̀ Yúróòpù, àti Mario Draghi tó fẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ lẹ́tà sí olóòótú ìjọba, Silvio Berlusconi. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí Ítálì pa àwọn ipele ìjọba kan tó wà láàárín rẹ́, tàbí kó dà wọ́n pọ̀. Ẹkùn ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ.

Berlusconi lọ, Mario Monti dé. Ní 2012, ìjọba Monti ní ẹkùn tí èèyàn inú rẹ̀ kò bá tó 350,000, tàbí tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá tó 2,500 kìlómítà níbùú lóròó, kò gbọdọ̀ dá dúró. Ètò ni pé kí ẹkùn 86 di 51. Ariwo ta. Pisa àti Livorno, ìlú méjì tí wọn kì í fojúure wo ara wọn láti ayébáyé, rí i pé wọ́n fẹ́ kó àwọn sínú ẹkùn kan náà. Ní oṣù Keje 2013, ilé ẹjọ́ tó ń mójú tó ìwé òfin orílẹ̀-èdè fagi lé ètò náà. Ilé ẹjọ́ ní àṣẹ pàjáwìrì kọ́ ni wọ́n fi ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tò.

Òfin Delrio: wọ́n mú ìbò lọ, iṣẹ́ ṣẹ́kù

Ní oṣù Kẹrin 2014, òfin mìíràn jáde, èyí tí wọ́n fi orúkọ Graziano Delrio pè. Òfin yìí kò pa ẹkùn rẹ́, torí pé orúkọ ẹkùn ṣì wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ohun tó ṣe ni pé ó gba ìbò lọ́wọ́ ará ìlú. Àwọn máyọ̀ àti káńsẹ́lọ̀ ìlú ló ń dìbò láàárín ara wọn báyìí láti yan alága ẹkùn àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì sọ ọ́ dà nígbà náà, kò sí owó oṣù níbẹ̀. Àwọn ìlú ńlá bíi Róòmù, Milan àti Naples wá di ẹkùn olú ìlú ńlá, níbi tí máyọ̀ ìlú náà ti máa ń di olórí gbogbo ẹkùn láìjẹ́ pé àwọn ará abúlé tó yí i ká dìbò fún un.

Owó ló tún kàn. Òfin ìṣúná ọdún 2015 ní kí àwọn ẹkùn àti ẹkùn olú ìlú ńlá dín ìnáwó kù ní bílíọ̀nù kan yúrò lọ́dún náà, bílíọ̀nù méjì ní 2016, àti bílíọ̀nù mẹ́ta ní 2017. Wọ́n ní kí ẹkùn dín owó òṣìṣẹ́ kù sí ìdajì. Ìrètí ìjọba ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ orúkọ ẹkùn kúrò nínú ìwé òfin, gbogbo ẹ̀ á parí.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tún ọ̀nà ṣe títí dìgbà náà? Ta ni yóò máa tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ṣe? Ẹkùn náà ni. Iṣẹ́ kan náà, owó tó dín kù, èèyàn tó dín kù.

Afárá Annone

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá 2016, afárá kan ní Annone Brianza, ní ẹkùn Lecco, wó lulẹ̀. Ọ̀nà ẹkùn ló gba orí afárá náà, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ló gba abẹ́ rẹ̀. Tírélà kan tó ju 100 tọ́ọ̀nù lọ wà lórí rẹ̀ nígbà tó já. Èèyàn kan tó ń wakọ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀ kú, àwọn mìíràn fara pa.

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ti ní kí ẹkùn ti afárá náà pa. Ẹkùn ní àwọn béèrè àṣẹ lórí ìwé, àwọn ò rí i gbà. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé dídín owó kù nìkan ló wó afárá yẹn. Àmọ́ ó fi ohun kan han gbogbo Ítálì: ìjọba tí gbogbo èèyàn ti ń pè ní òkú ṣì ní afárá tó ń bójú tó, ẹ̀mí èèyàn sì wà lórí afárá náà àti lábẹ́ rẹ̀.

Ará ìlú ní rárá

Oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ 4, olóòótú ìjọba Matteo Renzi gbé àtúnṣe ìwé òfin síwájú ará ìlú kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Yíyọ orúkọ ẹkùn kúrò wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ló gba ẹnu èèyàn jù. Bíi 59 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá. Renzi kéde lóru ọjọ́ náà pé òun á fipò sílẹ̀.

Ẹkùn wá dà bí ẹni tí wọ́n ti pín ogún rẹ̀, tó wá jí sáyé. Ó wà nínú ìwé òfin, ó ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti lọ, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti lọ, ará ìlú kò sì lè fi ìbò bá a wí.

Wọ́n ń padà bọ̀

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2012, àwọn ará Sardinia dìbò pé kí wọ́n pa ẹkùn tuntun mẹ́rin tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ní 2025, ẹkùn mẹ́rin padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, orúkọ àwọn kan nínú wọn ló yàtọ̀. Friuli-Venezia Giulia pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tirẹ̀ rẹ́, ìjọba ibẹ̀ sì ti ń wá ọ̀nà láti dá wọn padà. Ní Sicily, wọ́n yí orúkọ ẹkùn padà, wọ́n fi alábòójútó tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún darí mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Oṣù Kẹrin 2025 ni wọ́n tó dìbò níbẹ̀, àwọn máyọ̀ àti káńsẹ́lọ̀ nìkan ló sì dì í. Ní Róòmù náà, àwọn aṣòfin kan ti ń béèrè pé kí ará ìlú padà máa dìbò fún alága ẹkùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Ó rọrùn fún òṣèlú láti kéde pé òun pa ipele ìjọba kan rẹ́, torí ariwo àtẹ́wọ́ ló máa ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ owó oṣù káńsẹ́lọ̀ kéré gan-an sí owó ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́ kò sì ṣeé pa rẹ́. Bí Ítálì bá ti kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà, iye tí wọ́n máa fún un, àti ẹni tí yóò máa dá ará ìlú lóhùn kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má rí báyìí. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ló ṣì wà nílẹ̀ fún ìjọba Róòmù, yálà ó fẹ́ gbé ẹkùn ró ni o, tàbí ó ṣì fẹ́ sin ín.