Ẹni Tó Ń Ta Straddle Ló Yẹ Kẹ́rù Bà Jù

Àwọn àgbà ló ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ṣùgbọ́n lọ́jà ìpín ìdókòwò, ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń pè ní straddle, eku méjì gan-an lẹni tó bá ra á ń lé. Àwọn kan máa ń polówó rẹ̀ pé bí ọjà gòkè, bó sọ̀ kalẹ̀, èrè ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀tọ́ téèyàn ń fowó rà ni options. Ọ̀kan ń fún un láǹfààní láti ra ìpín ní iye tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí, èkejì ń fún un láǹfààní láti tà á. Ẹni tó bá ra méjèèjì pa pọ̀ lórí ìpín kan náà, ní iye kan náà, fún ọjọ́ kan náà, straddle ló rà. Ká ní ₦100 ni ìpín kan, tí ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦5, ₦10 ni gbogbo owó tó máa ná. Kó tó lè jèrè, àfi kí ìpín náà kọjá ₦110 tàbí kó wálẹ̀ ju ₦90 lọ lọ́jọ́ tí àdéhùn bá pé. Bí ọjà bá dúró sójú kan, owó rẹ̀ wọgbó nìyẹn, ṣùgbọ́n àdánù rẹ̀ kò lè ju ₦10 lọ.

Ti ẹni tó tà á yàtọ̀. ₦10 yẹn ni gbogbo èrè tó lè rí. Bí ìpín bá di ₦160, ₦60 ló máa san. Bó bá tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbèsè náà kò níbi tó ń dúró sí.

Lọ́dún 1762 ni wọ́n dá báǹkì Barings sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nick Leeson, òṣìṣẹ́ wọn ní Singapore, ń fi àdánù pa mọ́ sínú àkáǹtì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 88888. Kó lè rówó dí ihò náà, ó ń ta straddle lórí Nikkei 225, òṣùwọ̀n ìpín àwọn iléeṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Japan. Níwọ̀n ìgbà tí ọjà bá ti dákẹ́, owó ń wọlé. Àmọ́ ní January 17, 1995, ilẹ̀ mì tìtì ní Kobe, ó lé ní 6,000 èèyàn tó kú, ọjà sì já wálẹ̀. Dípò kó gbà pé òun ti kùnà, ṣe ló tún ń ra futures sí i, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú àdánù náà ti wá. Àdánù ọ̀hún di £827 million. £1 péré ni ING ti ilẹ̀ Netherlands fi ra báǹkì náà, tòun ti gbèsè ọrùn rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n dá fún Leeson.

Àwọn oníṣòwò kékeré náà máa ń ta irú ẹ̀tọ́ yìí láìmọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Ẹni tó ń ta ọjà òkè òkun, tó ṣèlérí fún oníbàárà pé iye òun kò ní yí padà fún oṣù mẹ́fà, ti fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti rà. Ní June 2023, dọ́là kúrò ní nǹkan bíi ₦470 lọ́jà ìjọba, ó kọjá ₦700 nínú oṣù kan náà. Ọrùn ẹni tó ṣèlérí ni irú ẹ̀kúnwó bẹ́ẹ̀ máa ń já lé.

Ẹni tó bá fẹ́ ra straddle, kó fi owó tí kò ní pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lára rà á. Títà rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ oníṣòwò kékeré. Kéèyàn tó ka èrè, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí àdánù máa dúró sí.