Kì í Ṣe Fóònù Ló Kówó Ìlú Jẹ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni ilé iṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ síbẹ̀ nípa ogun abẹ́lé kúrò, ṣùgbọ́n àlàyé tí Lai Mohammed, mínísítà ìròyìn nígbà náà, ṣe ni pé àwọn kan ń fi ìkànnì ọ̀hún ṣe ohun tó lè tú Nàìjíríà ká. Oṣù méje ló fi wà ní títì. Àwọn ọ̀dọ́ gba orí VPN, irinṣẹ́ tó ń yẹ ìdènà íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Nígbà tó di oṣù keje 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ìjọba tẹ òfin lójú.

Irú àlàyé yẹn kì í ṣe ti Àbújá nìkan. Bí ìlú bá ti ń gbóná, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí olóṣèlú lẹ́nu ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ba àwọn èèyàn jẹ́. Irọ́ pátápátá kọ́. Àmọ́ àwọn tó fi ìṣirò jókòó ti ọ̀rọ̀ náà rí ohun tí kò ní dùn mọ́ olóṣèlú nínú.

Ní 2021 kan náà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Sergei Guriev, Nikita Melnikov àti Ekaterina Zhuravskaya, gbé ìwádìí kan jáde. Orílẹ̀-èdè 116 ni wọ́n wò, láti 2008 sí 2017, àwọn tí wọ́n sì lo èsì wọn lé ní 800,000. Bí 3G, íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù, bá dé àgbègbè kan, kí ni àwọn ará ibẹ̀ á máa sọ nípa ìjọba wọn? Ìgbẹ́kẹ̀lé wọn máa ń já wálẹ̀ ni. Ó máa ń já jù níbi tí ìjọba ti fún rédíò àti ìwé ìròyìn lọ́rùn, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì tó íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí àṣírí Panama Papers, àkọsílẹ̀ owó tí àwọn olówó àti olóṣèlú kó pamọ́ sókè òkun, tú ní 2016, àwọn tó wà níbi tí 3G dé ló túbọ̀ gbà pé olè wà nínú ìjọba wọn. Ìyẹn ni pé òótọ́ ló ń bí wọn nínú. Kì í ṣe fóònù ló kówó pamọ́ sí Panama.

Ta ló wá jèrè ìbínú náà? Nílẹ̀ Yúróòpù, ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà pàdánù ìbò, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn alátakò tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ ló jẹ ẹ́. Àwọn tó ń pariwo pé ọ̀kan náà ni gbogbo olóṣèlú, àwọn nìkan ni mẹ̀kúnnù ní, ni ìbò yà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ wo Beppe Grillo ní Ítálì: aláwàdà ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń bú àwọn aláṣẹ láti 2005. Ní 2009, òun àti Gianroberto Casaleggio dá ẹgbẹ́ Five Star sílẹ̀. Ní 2013, ẹgbẹ́ náà gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò. Ní 2018, ó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì wọ ìjọba.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti dá íntánẹ́ẹ̀tì láre, kó yà sí Jámánì. Karsten Müller àti Carlo Schwarz fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìkórìíra orí Facebook ń di ẹ̀ṣẹ́ àti iná lójú títì. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ ìlú tí Facebook ti gbilẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n sì dá pani lẹ́rìn-ín. Ojúewé Nutella ni wọ́n lọ, ṣokoléètì tí wọ́n máa ń fi sí búrẹ́dì, torí pé èrò pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí òṣèlú nínú rẹ̀. Wọ́n ṣa àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n wo ìlú tí oníkálukú ń gbé. Wọ́n wá fi ohun tí wọ́n rí wé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ nípa àwọn ogúnléndé lójúewé AfD, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń tako àwọn ogúnléndé, àti àkọsílẹ̀ ìkọlù sí ogúnléndé tó lé ní 3,000. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìsọkúsọ bá pọ̀, ìkọlù máa ń pọ̀ sí i ní àwọn ìlú tí Facebook ti gbilẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí Facebook bá dákú níbẹ̀, àjọṣe yẹn a pòórá.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Ìwádìí kan tó wo ohun tí èèyàn 1,181 ń wò lórí YouTube ní 2020 rí i pé ìwọ̀nba èèyàn ló ń wo fídíò àwọn alákatakítí, àwọn tó ti ní ìkùnsínú sí obìnrin tàbí sí ẹ̀yà mìíràn tẹ́lẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ. Lọ́dún kan náà, nígbà ìdìbò, àwọn olùwádìí yọ ẹ̀rọ tó ń to ọ̀rọ̀ lórí Facebook kúrò fún àwọn kan fún oṣù mẹ́ta. Ìkórìíra láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kò yí padà. Kí á fi ìfura díẹ̀ ka èyí o, torí pé Meta tó ni Facebook fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn sì tọ́ka sí i ní 2024 pé ilé iṣẹ́ náà yí ẹ̀rọ ọ̀hún padà láàárín àkókò ìwádìí gan-an.

Ẹlòmíràn lè ní ẹ̀rí Jámánì ti gbè sẹ́yìn ìjọba tó ń ti ìkànnì pa. Kò gbè é. Ìkọlù ọ̀sẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú nìkan ló dín kù, ìbínú tó wà nílẹ̀ kò lọ. AfD tó gba ìdá 12.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní 2017 gba 20.8 ní 2025. Ìjọba tó bá sì ti ìkànnì pa ti bá olè tó wà láàárín rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ní 2019, Sẹ́nétọ̀ Sani Musa gbé àbádòfin kan wá sílé aṣòfin láti fìyà jẹ ẹni tó bá ń tan irọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ìkànnì ló yẹ kí wọ́n dojú òfin kọ. Ní oṣù kẹjọ 2024, Meta ti CrowdTangle pa, irinṣẹ́ tí àwọn oníròyìn àti olùwádìí fi ń tọpa ohun tó ń gbilẹ̀ lórí Facebook. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣí àkọsílẹ̀ wọn fún àwọn olùwádìí. Òfin tó yẹ kí Àbújá máa lé nìyẹn, kí olùkọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ lè rí ohun tí wọ́n ń tì sójú àwọn olùdìbò, kí ìdìbò 2027 tó dé.