Ẹ Má Torí Aṣọ Yan Fíìmù Ṣáínà

Ìsinmi ti dé tán. Gbogbo họ́sítẹ́lì ló ń bi mí pé fíìmù Ṣáínà wo ló kàn lẹ́yìn Story of Yanxi Palace (2018). Aṣọ tó ń dán àti òṣèré tó rẹwà ni wọ́n ń wá. Èmi ò gbà. Inú ìtàn ni kí ẹ wò.

Tó bá jẹ́ ìjà orogún lẹ fẹ́ràn nínú ẹ̀, ẹ lọ wo Empresses in the Palace (2011). Apá 76 ni o! Zhen Huan wọ ààfin láìmọ nǹkan kan, ojú ẹ̀ wá rí màbo.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bí Yingluo ṣe ń wá ẹni tó fa ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dùn mọ́ yín, ẹ fi ààfin obìnrin sílẹ̀, kí ẹ wo Nirvana in Fire (2015). Wọ́n parọ́ ọ̀tẹ̀ mọ́ bàbá Mei Changsu àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n sì pa wọ́n. Lẹ́yìn ọdún 12, ó padà wá pẹ̀lú ojú tuntun àti orúkọ tuntun, kó lè wẹ orúkọ wọn mọ́. Mo sunkún, ẹ má rín mi o.

Àwọn kan ní fíìmù Ṣáínà ń gba àṣà wa lọ́wọ́ wa. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún bàbá mi, wọ́n ní kí n wo Ṣaworoidẹ (1999) ti Túndé Kèlání. Ọmọ tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ ló padà wá níbẹ̀ náà! Ta ni ì bá sọ fún mi?

Apá 54 ni Nirvana in Fire. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá wà.